Mississippi State àti béésìbọ́ọ̀lù: àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí

Ẹ̀gbọ́n mi ló dá a sílẹ̀. A ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú kan, ó gbọ́ tí mo ń pariwo mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó ní ṣé Super Eagles ló ń gbá ni. Mo ní rárá o, Mississippi State ni, wọ́n tún ti fọwọ́ ara wọn da eré nù. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ta ni wọ́n?" Àtọjọ́ náà ni mo ti ń dáhùn ìbéèrè: ti ẹbí, ti ọ̀rẹ́, ti àwọn tó ní ọmọ ní yunifásítì lọ́hùn-ún tí wọn ò mọ ohun tó ń bí ọmọ wọn nínú lópin ọ̀sẹ̀ mọ́. Mo kó wọn jọ síbí kí ẹnu mi lè sinmi.

Ta ni Mississippi State gan-an?

Yunifásítì ìjọba ni, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Starkville, ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Bulldogs ni wọ́n ń pe àwọn eléré wọn. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà, béésìbọ́ọ̀lù kàn wà níbẹ̀ ni; futúbọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tí wọ́n ń dé akoto gbá, ló ń kó gbogbo ariwo lọ. Ti Starkville yàtọ̀. Ron Polk, tó jẹ́ kóòṣì wọn láti 1976 sí 1997, tó sì tún padà wá láti 2002 sí 2008, ló sọ eré náà di nǹkan tí gbogbo ilé ń bá sùn tí wọ́n ń bá jí. Will Clark àti Rafael Palmeiro, tí wọ́n padà di ìràwọ̀ láàárín àwọn tó ń gbá a jẹun, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti gbá a láyé 1985 lọ́hùn-ún. Dudy Noble Field ni pápá wọn ń jẹ́.

Mi ò mọ béésìbọ́ọ̀lù rárá. Kí ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀ kí n tó lè bá yín bínú?

Kò pọ̀. Ẹnì kan ń ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kan di igi mú, ó fẹ́ gbá a, kó lè sá yí àwọn bèésì, ìyẹn ibùdúró tó wà nínú pápá, ká padà dé ibi tó ti gbéra; ẹni tó bá yí i ká tán ti gba ayò kan. Abala mẹ́sàn-án ni. Nínú abala kọ̀ọ̀kan, ẹ gbọ́dọ̀ lé mẹ́ta nínú àwọn alátakò jáde kí ó tó kan ẹ̀yin náà láti di igi mú. Kò sí aago tí yóò parí eré, ibẹ̀ sì ni ìyọnu ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, tí ẹ bá ń borí, kípà yín lè ṣubú lulẹ̀, kó ní iṣan ń fa òun, kó fi ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣòfò. Kò sí ìyẹn níbí. Ẹni mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lẹ gbọ́dọ̀ lé jáde, ẹyọ kan ò gbọdọ̀ dín.

Ajùbọ́ọ̀lù ló ni eré. Apá èèyàn kì í ṣe irin: ẹni tó bá ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Ẹtì, ó di Ẹtì tó ń bọ̀ kó tó tún bẹ̀rẹ̀ eré míì. SEC, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì tí Mississippi State wà nínú rẹ̀, tó sì le jù lọ nínú eré yìí, ń gbá eré mẹ́ta lópin ọ̀sẹ̀, Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Eré 30 nìyẹn. Tí ẹ bá ní ajùbọ́ọ̀lù gidi kan ṣoṣo, ẹ ó máa jó lálẹ́ Ẹtì, ẹ ó sì máa fajú ro lọ́jọ́ Àìkú.

Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: fífìdí rẹmi kì í ṣe nǹkan ìtìjú nínú eré yìí. Lọ́dún tí Mississippi State gba ife, 50 ni wọ́n borí, 18 ni wọ́n pàdánù. Ẹni tó bá ń wá ẹgbẹ́ tí kò ní pàdánù, kó lọ wá eré míì wò.

Ife wo nìyẹn? Kí ló dé tí ẹ fi máa ń sọ 2021 bí ẹni ń sọ ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀?

Omaha, ní Nebraska, ni wọ́n ti ń gbá ìpele ìkẹyìn ìdíje orílẹ̀-èdè àwọn yunifásítì lóṣù Kẹfà ọdọọdún. Kó tó di 2021, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni Mississippi State ti lọ síbẹ̀, ọwọ́ òfo ni wọ́n ń gbé bọ̀. Ní 2013 wọ́n dé eré àṣekágbá pàápàá, UCLA nà wọ́n. Ẹ ro bí ó ṣe máa ń rí kí èèyàn lọ bẹ ìdílé ìyàwó nígbà mọ́kànlá.

Ní 2021, Vanderbilt ló kù kí wọ́n bá wọ̀yá ìjà, eré mẹ́ta, ẹni tó bá borí méjì ló gba ife. Vanderbilt fi 8-2 borí èkíní. Gbogbo wa rò pé ó tún ti rí bó ṣe máa ń rí. Mississippi State fi 13-2 dáhùn. Nígbà tó di 30 oṣù Kẹfà, Will Bednar jù ú fún abala mẹ́fà, ẹnikẹ́ni ò rí i gbá já. Landon Sims gba mẹ́ta yòókù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n parí ẹ̀ sí 9-0. Ife orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tí yunifásítì náà gbà nìyẹn nínú eré ìdárayá alẹ́gbẹ́ èyíkéyìí, kì í ṣe béésìbọ́ọ̀lù nìkan.

Báwo ni ẹni tó gba ife ṣe wá di ẹni ẹ̀yìn lọ́dún kejì?

Bí wọ́n ṣe já lulẹ̀ nìyí. Ní 2022, wọ́n borí 26, wọ́n pàdánù 30. Nínú SEC, 9-21, ìyẹn ni pé wọ́n borí 9, wọ́n pàdánù 21, kò sì sẹ́ni tó wà lẹ́yìn wọn. Ní 2023, 27-26, ti SEC tún jẹ́ 9-21, géérégé bíi ti àná. Ẹgbẹ́ 14 ló wà nínú SEC nígbà náà, 12 ló sì ń lọ sí ìdíje tí SEC fi ń parí sáà. Ọdún méjèèjì, wọn ò sí lára àwọn 12.

Ohun tó fa ti 2022 kò ṣòro láti rí. Ní béésìbọ́ọ̀lù yunifásítì, ọmọ tó bá ti lo ọdún mẹ́ta, tàbí tó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, àwọn ẹgbẹ́ olówó lè mú un lọ. Ẹ gba ife lóṣù Kẹfà, nígbà tó di oṣù Keje wọ́n ti ń ṣa àwọn ọmọ yín. San Francisco Giants ló mú Bednar, lábala àkọ́kọ́ pàápàá. Wọ́n wá gbé Sims, tó jẹ́ ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn eré pa tẹ́lẹ̀, wá síwájú, kó di ẹni ọjọ́ Ẹtì. Lóṣù Kẹta 2022, nínú eré tí wọ́n gbá pẹ̀lú Tulane, iṣan ìgbúnwọ́ rẹ̀ já. Irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń ṣe fún ìyẹn, iṣan ibòmíràn lára ni wọ́n máa ń yọ wá fi rọ́pò rẹ̀, ó sì máa ń tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí onítọ̀hún tó padà. Tí ẹ bá yọ ẹni méjì yẹn kúrò nínú ẹgbẹ́, ẹ ti yọ òpó méjì kúrò lábẹ́ òrùlé.

Mo gba ti 2022, àánú wọn ṣe mí. Ti 2023 ni mi ò gbà. Ẹ ti rí i pé ẹ ò ní ajùbọ́ọ̀lù, ẹ ní odindi ọdún kan láti fi wá a, ẹ tún padà wá pẹ̀lú 9-21 kan náà? Wọ́n lé kóòṣì tó ń mójú tó àwọn ajùbọ́ọ̀lù kí sáà yẹn tó parí. Bẹ́ẹ̀, omi ti dànù.

Kí ló ń bí wọn nínú jù? Ṣé pípàdánù náà ni?

Rárá. Ìrìn ọ̀fẹ́ ni. Tí ajùbọ́ọ̀lù bá ju bọ́ọ̀lù mẹ́rin síbi tí kò yẹ, ẹni tó di igi mú á ju igi sílẹ̀, á sì rìn lọ sí bèésì àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Kò gbá nǹkan kan. Ẹ kàn fi ta á lọ́rẹ ni.

Ẹ jẹ́ kí n gbé e kalẹ̀ bí ó ṣe máa ń rí. Abala kẹjọ, ẹ ń fi 6-3 borí. Ọmọ kan tí kò ju ọmọ ogún ọdún lọ jáde wá láti ẹ̀yìn, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó fi bàtà rẹ́ ilẹ̀ níwájú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ balẹ̀, eruku sọ. Èkejì ga ju orí lọ. Ẹnì kan lẹ́yìn yín ní, "Sáà jù ú sí àárín, jọ̀ọ́!" Ẹni àkọ́kọ́ rìn lọ. Ẹni kejì náà rìn lọ. Ìró pápá á yí padà lójijì: kì í ṣe ariwo mọ́, ó di kùn-ún-kùn-ún bíi ti ọjà tí òjò ń ṣú lé lórí. Kóòṣì á yọ, kò ní yára, á na ọwọ́, ọmọ náà á fi bọ́ọ̀lù sí i lọ́wọ́, kò ní gbójú sókè. Ẹlòmíì wọlé. Ẹni kẹta tún rìn lọ. Bèésì mẹ́ta ti kún báyìí, kò sì tíì sí ẹnikẹ́ni tó fi igi kan bọ́ọ̀lù. Ẹni kẹrin wá gbá ọ̀kan ṣoṣo, gbò-ó-ò, ó fò kọjá odi. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé, ayò mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. 7-6, alátakò ti gba iwájú.

Tí alátakò bá fi agbára nà yín, ẹ ó lọ sílé, ẹ ó sì sùn. Àmọ́ kí ẹ fọwọ́ ara yín ṣílẹ̀kùn fún olè, kí ẹ tún gbé fìtílà fún un, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí èèyàn sùn. Nínú àwọn ọdún burúkú yẹn, irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ju ohun tí ọkàn lè gbà.

Tí inú bá bí wọn tó bẹ́ẹ̀, wọn ò ti pa pápá tì?

Ẹ gbọ́ èyí ná. Ní 15 oṣù Kẹrin 2023, nínú sáà tó burú tí mo sọ tán yìí, èèyàn 16,423 ló wá wo eré wọn pẹ̀lú Ole Miss, yunifásítì aládùúgbò wọn, ní Dudy Noble. Kò sí eré béésìbọ́ọ̀lù kankan tí wọ́n gbá nínú ọgbà yunifásítì títí di ọjọ́ náà tí èrò rẹ̀ pọ̀ tó yẹn. Ẹgbẹ́ tó ń ṣe bí aláìsàn ló pe èrò yẹn jọ.

Lẹ́yìn odi apá òsì ni ibi tí wọ́n ń pè ní Left Field Lounge wà. Láyé àtijọ́, ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ń fẹ̀yìn rẹ̀ dojú kọ pápá, wọ́n á jókòó sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á máa sun ẹran. Nígbà tí wọ́n tún pápá kọ́, tí iṣẹ́ parí ní 2019, wọ́n kọ́ ibi ìjókòó gidi síbẹ̀, àmọ́ èéfín ẹran kò kúrò. Ẹni tó ń dúró níbẹ̀ láti mú ọ̀rọ̀ gún ajùbọ́ọ̀lù alátakò, baba rẹ̀ ti lè dúró síbẹ̀ rí. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi lè sọ fún wọn pé "eré lásán ni."

Kí ló kan Ole Miss nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Aládùúgbò ni, ọ̀tá ni, ẹ̀gún ẹsẹ̀ ni. University of Mississippi ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ní Oxford, nǹkan bíi wákàtí méjì sí Starkville.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí, tàbí tó ti korò, ó dá lórí ẹni tí ẹ bá ń tì lẹ́yìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún 2022, Ole Miss náà ń ṣòjòjò. 7-14 ni wọ́n wà nínú SEC. Mike Bianco, tó ti jẹ́ kóòṣì wọn láti 2001, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ní 2014, ló tíì mú wọn dé Omaha. Àwọn alátìlẹyìn ti ń pariwo pé kí wọ́n lé e. Wọn ò lé e. Ole Miss jí, wọ́n parí pẹ̀lú 14-16, àwọn ni wọ́n mú kẹ́yìn pátápátá nínú ẹgbẹ́ 64 tó lọ sí ìdíje orílẹ̀-èdè. Ẹni tó wọlé kẹ́yìn yẹn ló wá lọ gba ife! Oklahoma ni wọ́n nà láṣekágbá, 10-3, lẹ́yìn náà 4-2.

Ẹ fojú inú wo ẹni tó ń gbé Starkville lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹgbẹ́ tirẹ̀ ló wà nídìí SEC, ó ṣì wọ ẹ̀wù aláṣeyọrí 2021, ẹni tó wà lódì kejì ọ̀nà náà ti ra tirẹ̀.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ pamọ́: lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ole Miss ṣe 6-24 nínú SEC, wọ́n wà nísàlẹ̀ Mississippi State pàápàá. Àwa tó ń ka owó olówó kò gbàgbé nọ́ńbà yẹn.

Ta ni wọ́n lé nígbẹ̀yìn, ṣé ó sì tọ́?

Chris Lemonis, kóòṣì wọn. 2018 ló dé láti yunifásítì Indiana, ọdún kẹta rẹ̀ ló gba ife. Ní 2024, ó dà bíi pé ìjì ti kọjá: 40-23, wọ́n padà sí ìdíje orílẹ̀-èdè. Ọmọ Curaçao kan wà pẹ̀lú wọn nígbà náà, Jurrangelo Cijntje, tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún jù, tó tún ń fi òsì jù, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tí wọ́n rán kó lè wọ ọwọ́ méjèèjì. Ẹni tó di igi mú á máa wò ó pé èwo ló ń bọ̀. Seattle Mariners mú un lọ lọ́dún náà. Ẹ ti mọ bó ṣe ń lọ.

2025 wá dé, ó tún bàjẹ́. Lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹrin, wọ́n yọ Lemonis. 25-19 ni gbogbo eré rẹ̀ dé, ti SEC jẹ́ 7-14.

Ẹ tún nọ́ńbà yẹn kà. 7-14 tí Ole Miss fi mú sùúrù, tí wọ́n fi gba ife, òun náà ni 7-14 tí Mississippi State fi lé èèyàn. Ó tún wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ: Justin Parker, igbákejì rẹ̀, gba iṣẹ́ dì í mú, wọ́n sì borí mẹ́jọ nínú eré SEC mẹ́sàn-án tó kù, wọ́n parí sí 15-15, wọ́n bá ara wọn nínú ìdíje orílẹ̀-èdè, ní Tallahassee. Àwọn kan ní, "Ẹ ò ri! Òun ló ń fà wá sẹ́yìn." Àwọn kan ní, "Ẹ ò ri! Àwọn ọmọ náà dára tẹ́lẹ̀, ẹ kàn kánjú ni." Àwọn méjèèjì tọ́ka sí eré mẹ́sàn-án kan náà.

Èmi, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo gbà pé wọ́n lè yọ ọ́, torí ọdún kan dáadáa láàárín ọdún mẹ́rin kò tó fún ibi tí pápá ti ń kún báyẹn. Àmọ́ àwọn tó ń sọ pé àwọn ti mọ̀ láti 2022 ń parọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Tí ajùbọ́ọ̀lù méjì bá ní apá tó le, mo fọkàn sí i pé Lemonis ṣì wà níbẹ̀ lónìí.

Ta ló rọ́pò rẹ̀?

Brian O'Connor, tó jẹ́ kóòṣì ní yunifásítì Virginia. Ó ti wà níbẹ̀ láti 2004, ó sì gba ife ní 2015. Àwọn tó bá rántí ọdún 2024 á rẹ́rìn-ín, torí Virginia rẹ̀ yìí kan náà ló lé Mississippi State kúrò nínú ìdíje ọdún náà, ní Charlottesville, ní ilé rẹ̀. Ẹni tó nà ọ́ lánàá lo wá lọ bẹ̀ pé kó wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jà. Mi ò rí àìdáa níbẹ̀. Àwọn kan lára àwọn ọmọ rẹ̀ ní Virginia sì bá a wá.

Ṣé owó ló wà nídìí ẹ̀?

Ó wà níbẹ̀. Láti oṣù Keje 2025, yunifásítì lè san owó fún àwọn eléré wọn ní tààrà, ọmọ sì lè kúrò ní iléèwé kan bọ́ sí òmíì ní sáà tó tẹ̀ lé e. Ìyẹn sọ ìbínú di nǹkan míì. Tẹ́lẹ̀, ẹ ó ní "ẹ fún àwọn ọmọ náà láyè kí wọ́n dàgbà." Ní báyìí, ẹ ó ní "kí lẹ fi owó yẹn rà?"

Ṣé ó dáa kí èèyàn máa bú àwọn ọmọ náà?

Kò dáa. Ẹ bú kóòṣì, iṣẹ́ rẹ̀ ni, owó ńlá ló ń gbà. Ẹ bú àwọn alákòóso. Ẹ bú umpire, ìyẹn rẹfirí tiwọn, àṣà ni. Àmọ́ ọmọ tó ju bọ́ọ̀lù mẹ́rin sílẹ̀ níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lálẹ́ Ẹtì lè ní ìdánwò láàárọ̀ Ajé. Mo ti rí àwọn tó tọ ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú èébú, tí wọ́n dárúkọ ìyá rẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kùn ún sí ẹni tó jókòó tì yín, òun náà ń retí ẹni tí yóò gbọ́.

Ìwọ ọmọ Ìbàdàn, kí ló kàn ọ́?

Torí pé ọmọ Ìbàdàn ni mí gan-an ló ṣe kàn mí! Ẹni tó bá dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ Adamásingbà mọ ìrora yìí láti inú ilé. Shooting Stars gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní 1976, ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1996 wọ́n tún dé àṣekágbá ife àwọn aláṣeyọrí ilẹ̀ Áfíríkà, Zamalek fi pẹnáratì gbà á lọ́wọ́ wọn. Láti ìgbà náà, ẹ lọ bi àwọn àgbà tó ń jókòó síbẹ̀ bí ara ṣe ń tà wọ́n. Ẹni tí kò gba ife rí ń gbàdúrà. Ẹni tó ti gbà á rí, ìbínú ló ń ṣe é. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ bí àwọn ará Starkville ṣe ń kùn, èdè yàtọ̀, igi wà lọ́wọ́ wọn dípò bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀, àmọ́ mo mọ orin náà.

Mo fẹ́ lọ wò ó. Kí ni kí n mú dání?

Fìlà, torí oòrùn ọ̀sán oṣù Kẹrin ní Mississippi kì í ṣeré. Ẹ̀wù tó nípọn díẹ̀ fún alẹ́. Àwọ̀ wọn ni pupa rẹ́súrẹ́sú tí wọ́n ń pè ní maroon. Ẹ má wọ búlúù tàbí pupa tó ń tàn yòò, ti Ole Miss nìyẹn. Tí ẹ bá dé ẹ̀yìn odi apá òsì, tí wọ́n fi ẹran lọ̀ yín, ẹ gbà á. Tí abala kẹjọ bá dé, tí wọ́n bá ń fi ayò mẹ́ta borí, tí ọmọ tuntun kan sì ń bọ̀ wá jù ú, ẹ gbé abọ́ ẹran yẹn sílẹ̀ kí ó má baà jábọ́ lọ́wọ́ yín.

Ṣé Ole Miss ṣì ń fi yín ṣẹ̀sín?

Lójoojúmọ́.